Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ èrò mi lórí iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi. Kí ni kí n ṣe?

Gègé Tútù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mo wà nínú ẹgbẹ́ kékeré kan tí a ti máa ń ka iṣẹ́ ara wa. Tí wọ́n bá fi ìtàn ránṣẹ́, mo máa ń kà á tán, ìgbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì. Mo mọ ibi tó wọ̀ mí lára, mo mọ ibi tó sú mi. Ṣùgbọ́n tó bá ti di pé kí n sọ ọ́, ọwọ́ mi ò ní gbé mọ́. Màá kọ ìpínrọ̀ kan, màá pa á rẹ́, màá tún òmíràn kọ, ìyẹn náà á lọ. Nígbẹ̀yìn, "ẹ kú iṣẹ́, ó dùn gan-an" ni màá fi ránṣẹ́, màá sì yáa sá kúrò níbẹ̀.

Mi ò fẹ́ dun ẹnikẹ́ni. Ta ni mo tiẹ̀ jẹ́ gan-an? Mi ò tíì tẹ ìwé kankan jáde, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yẹn sì ti ń kọ̀wé kí wọ́n tó bí mi. Bí mo bá wá sọ ohun tí kò tọ̀nà ńkọ́, tí ẹni náà gbà á, tó fi ba ohun tó dára tẹ́lẹ̀ jẹ́?

Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣe rí, báwo lẹ ṣe bọ́ níbẹ̀? Ẹ má kàn ní kí n ṣọkàn akin o, mo ti gbọ́ ìyẹn yó.

Baba Ìtàn

Àbúrò mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ. O ní o ò fẹ́ dun ẹnikẹ́ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tún ohun tó o kọ kà: gbólóhùn kan péré lo fi sọ ti ẹni tó ni ìtàn, ìyókù, ara rẹ lo ń sọ. "Ta ni mo tiẹ̀ jẹ́", "bí mo bá sọ ohun tí kò tọ̀nà". Ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù jù ni pé wọ́n á fi ohun tó o sọ mọ bí ìwọ náà ṣe mọ̀ ọ́n tó.

Ó wọ́pọ̀, má dààmú. Àmọ́ ó yẹ ká pe ẹ̀rù náà ní orúkọ tó ń jẹ́, torí bó bá jẹ́ ti ara rẹ lò ń bẹ̀rù, kò sí bó o ṣe lè fi ọ̀rọ̀ dídùn fún ẹlòmíràn wò ó sàn. Kí o sọ̀ kalẹ̀ lórí àga adájọ́ ló kù. Ta ló tiẹ̀ fi ọ́ síbẹ̀? Òǹkàwé ni ọ́. Ohun kan sì wà tí òǹkọ̀wé ò lè ṣe fúnra rẹ̀ láéláé, bó ti wù kó gbọ́n tó: kò lè ka iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń bọ̀ níwájú. Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ń wọ́. Ìwọ lo wà lẹ́yìn.

Ọ̀gbẹ́ni Peter Elbow, tó jẹ́ olùkọ́ ìwé kíkọ ní Amẹ́ríkà, ti sọ èyí láti 1973. Ó ní kí àwọn tó ń ka iṣẹ́ ara wọn má kọ́kọ́ dá ẹjọ́, kí wọ́n má sì tíì gbani nímọ̀ràn. Kí wọ́n kàn ròyìn ohun tó ń lọ nínú orí wọn bí wọ́n ṣe ń kà á. "Níbí ni mo ti rẹ́rìn-ín. Níbí ni mo ti padà lọ ka ìlà tó ṣáájú. Níbí ni ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀." Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò gba ìwé ẹ̀rí. Ta ló fẹ́ bá ọ jiyàn pé ọkàn rẹ ò kúrò níbẹ̀?

Ẹyẹ Òru

Baba Ìtàn kọ: "Ta ló fẹ́ bá ọ jiyàn pé ọkàn rẹ ò kúrò níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń jiyàn o! Mo sọ fún ẹnì kan pé mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ojú ìwé kẹta. Ojú ìwé méjì gbáko ló fi dá mi lóhùn, ó ń ṣàlàyé pé mi ò fara balẹ̀ ni.

Baba Ìtàn

Ha! Ẹni tó ní láti kọ ojú ìwé méjì kí èèyàn tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ṣé kò ti jẹ́rìí fún ọ báyẹn? Má bá a fà á. "Mo gbọ́, ẹ ṣeun" ti tó. Kò pọn dandan kó gbà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń jiyàn lónìí tí wọ́n á lọ tún un ṣe ní jẹ́jẹ́ tó bá yá, wọn ò sì ní sọ fún ọ.

Ìyá Ewì

Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ kan fi ní kí ẹni tó ni iṣẹ́ pa ẹnu mọ́ títí gbogbo èèyàn á fi sọ tiwọn tán. Ìpàdé àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí Damon Knight àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Milford, ní Amẹ́ríkà, ní 1956, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe: kálukú á sọ tirẹ̀ yí ká, òǹkọ̀wé á máa gbọ́, ìgbà tí wọ́n bá parí ló tó lè fèsì. Ó dára fún àwọn alárìíyànjiyàn. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí ó máa ń dà bíi pé wọ́n kó o síwájú ìgbìmọ̀.

Èyí tó bá mi lára mu ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ti oníjó kan, Liz Lerman, tó gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní nǹkan bí 1990. Nínú tiẹ̀, àwọn tó wòran á kọ́kọ́ sọ ohun tó wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ni iṣẹ́ ló máa béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀. Àwọn náà á béèrè ìbéèrè tí kò ní ẹ̀bi nínú. Ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín ni wọ́n tó sọ èrò wọn, wọ́n á sì gbàyè kí wọ́n tó sọ ọ́: "Mo ní èrò kan lórí ìparí rẹ̀, ṣé kí n sọ ọ́?" Ẹ wo bí gbólóhùn kékeré yẹn ṣe ń tú ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ pàápàá lára. Wọ́n ti fún un láyè. Kò já wọlé onílé mọ́.

Gègé Tútù, kó o tó ka èyí tó ń bọ̀, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ pé: "Kí lẹ fẹ́ kí n máa ṣọ́ bí mo ṣe ń kà á?" Ìdajì ẹ̀rù rẹ á lọ níbẹ̀.

Àmì Ohùn

Orúkọ mi ti sọ irú ẹni tí mo jẹ́, torí náà ẹ má bínú sí mi. Mo fẹ́ sọ nípa ibi tí àwọn tí ẹ̀rù ń bà máa ń sá pamọ́ sí jù: àmì orí ọ̀rọ̀. Ẹ fún wọn ní ìtàn, wọ́n á dá a padà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ni wọ́n ti fàlà sí, ibi tí wọ́n ti ya ọ̀rọ̀ tó yẹ kó lẹ̀ pọ̀, wọ́n ti so ó. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ó sì dà bíi pé wọ́n ṣe oore. Kò sì séwu nínú rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa bínú pé o bá òun fi àmì sórí "ọkọ̀". Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ò tíì mọ̀ bóyá ìtàn òun yé èèyàn.

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ìpínrọ̀ tí wọ́n bá a tún àmì rẹ̀ ṣe lónìí lè jẹ́ èyí tó máa gé sọnù lọ́la. Ìtàn ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà gbólóhùn, kí àmì gbẹ̀yìn. Èmi tí mo fẹ́ràn àmì ju gbogbo yín lọ ló ń sọ ọ́ o.

Gègé Tútù

Àh, ẹ ti mú mi. Bí mo ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn tí "ó dùn gan-an" bá ti ń tì mí lójú.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ojú rí i. Ojú Ọ̀run wà níbí, ó sì ti fún mi láyè kí n lo ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ kan. Òun nìyí:

"Nígbà tí Àdùkẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó rí i pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó rántí gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ ti sọ fún un nípa ilé náà. Ó wọlé. Bàtà ọkùnrin kan wà lẹ́bàá àga, omi ṣì ń kán lára rẹ̀."

Ohun tí mo kọ sí i, tí mi ò tíì fi ránṣẹ́ sí i: "Ó dùn. Mo rò pé ẹ lè mú kí ìfura pọ̀ sí i, kí ẹ sì ṣe àpèjúwe ilé náà díẹ̀ sí i."

Ẹ wò ó. Ṣé ó dáa?

Ṣàkálá

Rárá o. "Ó dùn", níbo? "Mú kí ìfura pọ̀ sí i", báwo? Ohun tí èèyàn lè sọ nípa ìtàn èyíkéyìí láyé láìkà á lo sọ.

Baba Ìtàn

Ṣàkálá, rọra. Òótọ́ lo sọ ṣá.

Gègé Tútù, ọ̀nà tí mo máa gbà nìyí. Mi ò ní ronú nípa bí ìtàn ṣe yẹ kó rí. Màá tún ìpínrọ̀ náà kà, màá fi ìka sórí ìlà kọ̀ọ̀kan, màá sì wo ohun tó ṣe sí mi:

"Ojú Ọ̀run, ibi bàtà yẹn ni mo ti jókòó dáadáa. Omi tó ṣì ń kán yẹn ló sọ fún mi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kò tíì jìnnà, ẹ ò sì sọ ọ́ fún mi. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Níbi tí ẹ ti ní ẹ̀rù ba Àdùkẹ́ gan-an, mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò tíì bà èmi. Níbi ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, mo dúró, mo fẹ́ mọ ohun tó sọ. Bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ ni, ó mú mi fẹ́ máa kà á lọ díẹ̀, ó sì tún bí mi nínú díẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ọ̀sán ni àbí òru."

Ó tán. Mi ò ní kó yọ nǹkan kan. Mi ò ní kó fi nǹkan kan sí i. Ohun tí mo rí ni mo sọ, ibi tí mo ti rí i ni mo sì tọ́ka sí.

Ojú Ọ̀run

Ẹ ṣeun, Baba. Kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ èmi tí mo ni ín, torí òun gan-an ni Gègé Tútù ń bẹ̀rù.

Ti Gègé Tútù ò dùn mí rárá. Kò sì ràn mí lọ́wọ́. Mo kà á, mo ní "ó dáa", mo gbàgbé rẹ̀. Ti Baba ta mí jí. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàtà yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Mo ti fẹ́ yọ ọ́ tẹ́lẹ̀ o! Ẹ wò ó, ìyìn gan-an ló gbà á sílẹ̀, ìyìn tó tọ́ka sí ibi kan. Mo ti pa "Ẹ̀rù bà á gan-an" rẹ́ báyìí, ìpínrọ̀ náà sì le koko ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ti ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, mi ò ní yí i padà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ ni, ó máa jáde níwájú. Kí ó bí yín nínú díẹ̀.

Baba Ìtàn

Kó bí mi nínú náà! Ìwọ lo ni ín.

Gègé Tútù, o rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí? Mo sọ ohun mẹ́rin, ó mú méjì, ó kọ ọ̀kan, ọ̀kan tó kù kò tiẹ̀ dá a lóhùn. Kò sí ìjà. Òǹkọ̀wé kì í ṣe ẹrú èsì. Ní 1926, F. Scott Fitzgerald, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ka ìtàn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ernest Hemingway, tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán, The Sun Also Rises. Ó kọ lẹ́tà gígùn sí i, kò sì fi bò pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní kó dín in kù. Hemingway ò dín in kù, gígé ló gé e sọnù pátápátá, ìwé náà sì jáde lọ́dún yẹn kan náà. Fitzgerald ló rí ibi tó wọ́. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló mọ ohun tó máa ṣe sí i.

Ẹ̀là

Ìbéèrè àbúrò wa kan kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn: tí ohun téèyàn sọ bá wá ṣì ńkọ́?

Ìyá Ewì

Ó máa ṣì nígbà mìíràn. Tolkien, ẹni tó kọ The Lord of the Rings, kò fẹ́ràn ìtàn Narnia, ìtàn àwọn ọmọdé tí C. S. Lewis kọ, nígbà tí Lewis kà á fún un, Tolkien yìí kan náà o, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ̀. Kí ni Lewis ṣe? Ó tún fi han ẹlòmíràn, Roger Lancelyn Green, ìyẹn gbà á níyànjú, ìwé àkọ́kọ́ jáde ní 1950. Ìtàn náà ò kú. Ohun tó léwu ni kí òǹkàwé kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ bíi pé òun ni gbogbo ayé. Tó o bá ń sọ pé "sí èmi", "nígbà tí mo kà á", o ti fi àyè sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Tí àwọn mẹ́ta bá wá kọsẹ̀ níbì kan náà láìjọ sọ ọ́, òǹkọ̀wé á mọ̀ fúnra rẹ̀.

Lórí "ta ni mo tiẹ̀ jẹ́" yẹn ńkọ́? Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ewì ló mọ̀ pé Ezra Pound ló bá akéwì ẹgbẹ́ rẹ̀, T. S. Eliot, gé ewì gígùn rẹ̀, The Waste Land, kù kó tó jáde ní 1922. Akéwì ńlá, a gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ àwọn ìwé tó fi kọ ewì náà síta ní 1971, ìkọ̀wé ẹlòmíràn tún wà létí wọn: ti Vivien, ìyàwó Eliot, tí kò lórúkọ kankan láàárín àwọn akéwì. Ó kọ ọ́ síbi kan pé ó dára lọ́nà ìyanu. Ó tún fi ìlà kan kún un fún obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì náà, èyí tó ń béèrè pé kí ló dé tí èèyàn fi ṣègbéyàwó tí kò bá fẹ́ ọmọ. Eliot lò ó, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Etí tó mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ló fi ràn án lọ́wọ́, ohun tí Pound ò sì fún un nìyẹn. Ṣé ìwọ náà ò ní etí?

Gègé Tútù

Mo ní etí o, màmá. Ẹ ṣeun.

Ṣàkálá

Mo ti dákẹ́ tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Gbogbo ìrọra yìí dára, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ jù. Àwọn kan wà tí ìtàn wọn ò dára, tí gbogbo wa mọ̀, tí a sì ń fi "sí èmi", "mo gbàyè" wé e ní aṣọ. Ẹni yẹn á gbé e lọ fún olóòtú, olóòtú á kọ̀ ọ́, kò ní mọ ìdí. Ta ló ṣe é níkà báyẹn? Èmi, tí ìtàn ò bá dára, mo máa ń sọ pé kò dára.

Ìyá Ewì

Ṣàkálá, "kò dára" àti "ó dùn", ìbejì ni wọ́n. Èwo nínú wọn ló sọ ohun tí èèyàn máa ṣe lówùúrọ̀ ọ̀la tó bá jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ líle ò túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó péye. Ìwọ fúnra rẹ lo bi Gègé Tútù pé "níbo? báwo?" lókè yẹn. Bi ara rẹ náà.

Ṣàkálá

Hmm. Mo gba ti "níbo". Mi ò gba pé ká máa fi bò. Tí ìtàn ò bá rìn rárá ńkọ́, látòkè délẹ̀? Ṣé ìlà kọ̀ọ̀kan ni màá máa sọ ohun tó ṣe sí mi? Á tó ọgọ́rùn-ún!

Baba Ìtàn

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Irú rẹ̀ máa ń wá, ó sì jẹ́ ibi tí àwọn tí ẹ̀rù ń bà ti máa ń dákẹ́ pátápátá, tí àwọn tí kò bẹ̀rù ti máa ń ṣe àṣejù. Mú ẹyọ kan, èyí tó wúwo jù, tó jẹ́ pé bó bá tún un ṣe, mẹ́wàá mìíràn á tò fúnra wọn. Ó sábà máa ń jẹ́ pé a ò mọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn ń wá. Kọ ọ́ sí i pé: "Mo ka á dé ojú ìwé kẹfà, mi ò tíì mọ ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́, torí náà nígbà tó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, kò dùn mí." Òótọ́ ni, ó le, ó sì ṣeé tún ṣe. Ìyókù, tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá to ogójì àbùkù fún kì í tún ọ̀kan ṣe, àpótí ló ń kó ìwé sí.

Sọ ibi kan tó mú ọ pẹ̀lú, ó máa ń wà, bó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu kan péré. Kì í ṣe nítorí kó lè gba èyí tó le. Ó yẹ kó mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn nígbà tó bá ń tún un kọ ni.

Ẹ̀là

Ẹ gbà mí lórí ọ̀kan tó le ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa kọ nípa ikú àbúrò rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àròsọ. Ó gùn, ó sì ń yí lójú kan. Gbogbo èèyàn kọ "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ọ̀fọ̀" sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lọ. Èmi náà kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé lòun fẹ́ fi ṣe. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń ṣọ̀fọ̀ pé ojú ìwé karùn-ún sú òun?

Ìyá Ewì

Ẹ̀là, má yára.

Kọ́kọ́ béèrè ohun tó fẹ́. Àwọn kan kọ ọ́ kí ẹnì kan lè gbọ́ ni, bó bá rí bẹ́ẹ̀, "mo kà á, mo gbọ́" ni gbogbo ohun tó ń wá, kò sì sí ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi kún un. Bó bá wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìwé ni, ó ti ṣílẹ̀kùn fún ọ, dídákẹ́ rẹ á wá dà bíi pé ìwọ ni kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí iṣẹ́.

Nígbà náà, ojú ìwé ni kó o máa bá sọ̀rọ̀, má bá ìgbésí ayé rẹ̀ sọ ọ́. Má sọ "kí ló dé tẹ́ ò tètè lọ síbẹ̀?" Ìyẹn ń bi òun gan-an, ó sì lè ti máa bi ara rẹ̀ lóru. Sọ pé "nínú orí yìí, mi ò mọ ibi tí ẹni tó ń sọ ìtàn wà nígbà tí ìròyìn dé." Máa pe ẹni náà ní "ẹni tó ń sọ ìtàn" àní bó bá tiẹ̀ kọ "èmi" síbẹ̀. Ó máa ń fún òun náà láyè díẹ̀ láti wo iṣẹ́ náà láti òkèèrè.

Lórí pé ó ń yí lójú kan, wá ibi tí àbúrò yẹn ti wà láàyè jù nínú ìwé náà. Ó máa ń jẹ́ ohun kékeré: bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ohun kan tó fẹ́ràn láti máa wọ̀. Sọ fún un pé ibẹ̀ ni o ti rí ọmọ náà, àti pé ní ojú ìwé karùn-ún, o ń wá a, o ò rí i mọ́. O ti sọ pé ó sú ọ. Ohun tó sì gbọ́ ni pé o fẹ́ rí àbúrò òun sí i.

Ẹ̀là

Ẹ ṣeun, mà. Mo ń kọ lẹ́tà sí i báyìí.

Àmì Ohùn

Kí n fi èyí kún un fún ẹni tó bá ń rò pé kíka iṣẹ́ ẹlòmíràn ń jẹ àkókò ìkọ̀wé òun. Kristi Lundstrom àti Wendy Baker ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2009, láàárín àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí apá kan máa kọ èsì sí iṣẹ́ ẹlòmíràn nìkan, kí apá kejì máa kọ́ bí a ṣe ń lo èsì tí wọ́n bá rí gbà nìkan. Àwọn tó ń fúnni ni ìkọ̀wé tiwọn sunwọ̀n sí i jù, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú wọn.

Kò yà mí lẹ́nu. Ìgbà tí mo bá ti sọ fún ẹnì kan pé mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sí bí mo ṣe lè padà sórí tèmi kí ojú mi má rí i níbẹ̀ náà.

Ẹyẹ Òru

Ìbéèrè tèmi rọrùn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá fún mi ní orí mẹ́ta kà, tó wá jẹ́ pé ní ojú ìwé kejì ni mi ò fẹ́ kà á mọ́ ńkọ́? Ó máa ń tì mí lójú, màá wá purọ́ pé mo ti kà á tán.

Baba Ìtàn

Kí ló dé tó o fi ń purọ́? Ibi tí òǹkàwé gbé ìwé sílẹ̀ sí wúlò fún òǹkọ̀wé gan-an, kò sì sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́ fún un. Àwọn tó ra ìwé ò ní kọ̀wé sí i. Wọ́n á kàn pa á dé. Fàlà sábẹ́ ìlà tó o dúró sí, kọ "mo dúró níbí" sétí rẹ̀, kó o sì sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ nígbà náà: ó rẹ̀ ọ́ ni, àbí orúkọ èèyàn pọ̀ jù, àbí o ti mọ ibi tó ń lọ. Tó bá jẹ́ pé oorun lásán ló mú ọ, sọ ìyẹn náà.

Ẹyẹ Òru

Ṣé ẹni náà ò ní bínú pé mi ò ka orí méjì tó kù?

Ojú Ọ̀run

Èmi ò ní bínú o. Mo ní orí mẹ́ta kan nílẹ̀ báyìí tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà. Ẹyẹ Òru, ṣé kí n fi ránṣẹ́? Kó o fàlà síbi tó o bá ti gbé e sílẹ̀.

Gègé Tútù

Fi ránṣẹ́ sí èmi náà. Kí lo fẹ́ kí n máa ṣọ́ bí mo ṣe ń kà á?

Ojú Ọ̀run

Ọkùnrin tó ni bàtà. Sọ fún mi ojú ìwé tó o ti kọ́kọ́ fura sí i.